Kẹ̀kẹ́ lórí òkè Tramuntana ní Mallorca: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹta bá ti wọlé, fóònù mi kì í sinmi. Ẹnì kan fẹ́ mọ iye eyín tó yẹ kí gíà rẹ̀ ní, ẹlòmíì ń béèrè bóyá ìwé ìgbélùú Britain tó fún un. London ni mo ń gbé, mo sì ti lọ wa kẹ̀kẹ́ ní Mallorca lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Àṣìṣe tí mo ti ṣe níbẹ̀ tó láti fi kọ́ odidi ẹgbẹ́ kan. Mo kó ìdáhùn jọ síbí kí n lè sinmi títẹ ohun kan náà.

Níbo gan-an ni Tramuntana wà?

Mallorca ló tóbi jù nínú àwọn erékùṣù Balearic tí Spéìn ní nínú Òkun Mẹditaréníà. Serra de Tramuntana ni ọ̀wọ́ òkè tó tò lọ ní etí òkun ní apá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, láti Andratx títí dé ṣóńṣó ilẹ̀ Formentor, bí 90 kìlómítà. Puig Major ló ga jù, ó lé ní 1,400 mítà, ṣùgbọ́n àwọn ológun ló ni orí rẹ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ yín kò ní débẹ̀. Orúkọ yìí náà ni wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àríwá. Ẹ ó mọ̀ ọ́n dáadáa lọ́jọ́ tó bá dojú kọ yín.

Ní 2011, UNESCO ka agbègbè náà mọ́ ogún àgbáyé. Ẹwà òkè nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ to òkúta lé òkúta láìlo sìmẹ́ńtì, wọ́n sọ ẹ̀gbẹ́ òkè di oko ólífì tó dà bí àtẹ̀gùn. Ẹ ó máa rí àwọn ògiri yẹn ní gbogbo kọ́nà, ẹ óò sì ní àkókò láti wò wọ́n, nítorí pé ẹ kò ní máa sáré.

Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí bọ́ọ̀dù ojú ọ̀nà: "puig" ni òkè (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi "púùṣì"), "coll" sì ni ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè méjì kọjá. Tí ẹ bá rí "coll", ẹ ṣe ara gírí.

Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ń lọ?

Ojú ọ̀nà ibẹ̀ dán, kò sí kòtò, òtútù oṣù kìíní kò sì burú bíi ti London. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun fi máa ń lọ ṣe ìmúrasílẹ̀ níbẹ̀ kí sáà ìdíje tó gbóná. Àmọ́ ẹ má rò pé àjèjì ló gbé kẹ̀kẹ́ wọ erékùṣù náà. Guillem Timoner, ọmọ Felanitx, gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín 1955 àti 1965, nínú eré ìje tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ sá tẹ̀ lé alùpùpù nínú pápá. Joan Llaneras láti Porreres gba wúrà Òlíńpíìkì ní 2000 àti ní 2008. Tí bàbá arúgbó kan lórí kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ bá kọjá lára yín lórí òkè, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Láti àárín oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù karùn-ún, tàbí láti òpin oṣù kẹsàn-án dé oṣù kẹwàá. Oṣù kẹrin ló kún jù: òtẹ́ẹ̀lì wọ́n, kẹ̀kẹ́ àyálò sì máa ń tán. Ẹ má lọ ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Mo mọ̀ pé ẹ óò sọ pé oòrùn ilé ni wọ́n fi wò yín dàgbà. Oòrùn tí ẹ jókòó sí abẹ́ igi máǹgòrò fún yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń gun òkè fún wákàtí kan nínú rẹ̀, tí òkúta funfun ń dá ooru náà padà sí yín lójú.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n wà. Ṣé mo lè gun òkè wọ̀nyí?

Ẹ lè gùn ún, tí gíà yín bá gbà. Ìbéèrè yìí ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn èèyàn béèrè kí wọ́n tó béèrè nípa bàtà àti aṣọ.

Tí bọ́ọ̀dù bá kọ 7%, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 100 mítà tí ẹ bá rìn, ẹ ti gòkè mítà méje. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n afárá tí ẹ ń gùn ní ìgboro kì í tó 300 mítà kó tó tán. Níbí, 7% lè jẹ́ kìlómítà mẹ́sàn-án láìdáwọ́dúró. Agbára ẹsẹ̀ kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tán lára èèyàn, sùúrù ni. Ẹni tó bá fi ìbínú gba kìlómítà àkọ́kọ́ yóò fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Nítorí náà, ẹ wo eyín gíà. Wíìlì eléyín méjì ló sábà máa ń wà níbi pẹ́dà kẹ̀kẹ́ eré. Kí èyí tó kéré jù níbẹ̀ ní eyín 34, kí èyí tó tóbi jù lára táyà ẹ̀yìn ní 32 tàbí 34. Tó bá jẹ́ 34 sí 34, ẹsẹ̀ yín yí lẹ́ẹ̀kan, táyà náà yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún yín yóò tọ́jọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé kẹ̀kẹ́ tó ní eyín 25 lẹ́yìn lọ nítorí pé ó rò pé eyín ńlá jẹ́ ti àwọn ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kejì ó ń bá àwọn tó ń yáni ní kẹ̀kẹ́ dúnàádúrà.

Ẹ gun òkè débi tí ẹ ṣì lè sọ odindi gbólóhùn kan láìmí gúlegúle. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́.

Ọ̀nà wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Coll de sa Batalla, láti abúlé Caimari. Bí kìlómítà mẹ́jọ ni, gíga rẹ̀ kò ju 5% lọ tí a bá pín in dọ́gba, igi ṣíji bò ó níbi púpọ̀. Ó parí sí 576 mítà, ilé epo kan sì wà lókè níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta kọfí àti kéèkì. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ erékùṣù náà ló ń pàdé níbẹ̀. N kò tíì rí ilé epo mìíràn tó lókìkí báyìí.

Láti ibẹ̀, ẹ yà sí Lluc, kò jìnnà. Ilé ìjọsìn Kátólíìkì tí àwọn ará Mallorca ń rìnrìn àjò lọ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni. Ère Màríà tó wà níbẹ̀ dúdú, "Dúdú Kékeré" sì ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pè é, La Moreneta. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Àgùdà kò fẹ́ kúrò níwájú rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí Formentor láti Port de Pollença, bí ogún kìlómítà ní àlọ. Òkè kan wà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá kúrò ní ìlú, lẹ́yìn náà ọ̀nà ń lọ sókè sódò títí dé ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà ní orí àpáta. Ìpadàbọ̀ kò rọrùn ju àlọ lọ, ẹ má ná gbogbo agbára yín tán síwájú. Ihò kan wà tí ọ̀nà gbà kọjá nínú àpáta, ó ṣókùnkùn, ẹ gbé iná dání. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò àdáni gba ibẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ lómìnira. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Formentor sílẹ̀. Kò sí ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ níbẹ̀.

Sa Calobra ńkọ́? Òun ni gbogbo èèyàn ń fi àwòrán rẹ̀ yangàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ Sa Calobra, abúlé kékeré kan létí òkun, òun náà ló jáde. Òkè mìíràn, ẹ ó gùn ún, ẹ ó sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ ilé. Níbí, láti títì ńlá Ma-10, ẹ ó gun òkè díẹ̀ dé Coll dels Reis tó ga ní 682 mítà, ẹ ó wá já wálẹ̀ títí kan òkun. Ibi tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín sọ̀kalẹ̀ náà ni ẹ ó gùn padà: kìlómítà mẹ́sàn-án àti díẹ̀, 7%, kọ́nà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣẹ́po bí ìfun. Ó ní láti wà lọ́kàn yín kí ẹ tó tú bíréèkì.

Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Antonio Parietti ló yàwòrán ọ̀nà náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1932. Ọ̀nà Formentor náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìṣòro tó bá níwájú ni pé òkè náà dà gẹ̀rẹ́ jù, ààyè kò sì sí. Dípò kó gbẹ́ ihò, ó jẹ́ kí ọ̀nà máa lọ́ tẹ̀ lé ara òkè. Ní ibì kan nítòsí òkè pátápátá, ọ̀nà yí po, ó sì gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Nus de sa Corbata, ìyẹn ni kókó táì, nítorí pé bí èèyàn ṣe ń so táì mọ́ ọrùn ló rí. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mi ò sì tíì gbà tán pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni.

Nísàlẹ̀, abúlé kékeré ni, pẹ̀lú ilé oúnjẹ díẹ̀ tó wọ́n, àti ọ̀nà tóóró tó lọ sí Torrent de Pareis, ibi tí àgbàrá ti la àpáta títí dé òkun. Ẹ mu omi, ẹ jẹ ohun díẹ̀, ẹ má jókòó pẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá tutù tán máa ń kọ iṣẹ́.

Ẹ tètè lọ. Láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bọ́ọ̀sì kan sì lè gba gbogbo kọ́nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti Port de Pollença lọ síbẹ̀, kí ẹ sì gba Lluc àti Caimari padà, ó tó bí 100 kìlómítà, ìgòkè inú rẹ̀ sì sún mọ́ 2,000 mítà. Odindi ọjọ́ kan ni. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun máa ń gòkè láti òkun ní bí ìṣẹ́jú 25. Wákàtí kan jẹ́ àkókò iyì fún èmi àti ẹ̀yin. Ọkọ̀ ojú omi kan máa ń ti Port de Sóller wá síbẹ̀ nígbà tí òkun bá dákẹ́, àmọ́ ẹ má fi ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Èwo ló gùn jù nínú gbogbo òkè ibẹ̀?

Puig Major láti Sóller, kì í ṣe orí rẹ̀ tí àwọn ológun ni, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Bí kìlómítà mẹ́rìnlá, 6%, títí dé ẹnu ihò tí ọ̀nà gbà wọ inú òkè kọjá ní bí 860 mítà. Kò ní kọ́nà àrà bíi ti Sa Calobra, ó kàn ń lọ ṣáá ni. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí pé ọsàn ló kún àfonífojì Sóller: ẹ mu omi ọsàn tútù kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá dókè, ẹ bojú wẹ̀yìn wo ìlú náà nísàlẹ̀ bí àwo. Lẹ́yìn ihò, ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi sísé méjì, Cúber àti Gorg Blau. Kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Kí ìgò méjèèjì kún láti Sóller.

Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Palma, olú-ìlú erékùṣù náà, títì ńlá kan gba inú ihò gígùn lọ sí Sóller. Kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ gba Coll de Sóller, ọ̀nà àtijọ́, tó ga ní bí 500 mítà. Láti ìgbà tí ihò ti ṣí ní 1997 ni mọ́tò ti pa ọ̀nà yìí tì, kọ́nà rẹ̀ kò lóǹkà, ó sì dùn.

Apá ìwọ̀-oòrùn dára bí?

Ó dára gan-an, láti Andratx gba Estellencs àti Banyalbufar lọ sí Valldemossa àti Deià, òkun lọ́wọ́ òsì yín ní gbogbo ọ̀nà. Kò sí òkè ńlá kan, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó tẹ́jú.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ìgòkè.

Ọgbọ́n ni ẹ̀rù yẹn. Ìgòkè kì í pa èèyàn, ó kàn ń dójú tini ni.

Ẹ tẹ bíréèkì *kí ẹ tó* wọ kọ́nà, kì í ṣe inú kọ́nà. Ẹ fi ojú wo ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí, nítorí pé ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ògiri yóò kan ògiri. Kí ẹsẹ̀ ìta kọ́nà wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ má di bíréèkì mú láti òkè délẹ̀, ó máa ń gbóná; ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹ̀pọ̀n. Ẹ má sì gé kọ́nà já sí ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀, kódà tí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni. Ní Spéìn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi ti Nàìjíríà, kì í ṣe òsì bíi ti London. Àwa ará Britain máa ń gbàgbé èyí níbi tí ọ̀nà bá ti dá, pàápàá lẹ́yìn kọfí.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn wà lójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ Mallorca kò yàtọ̀ sí ti ilé: yóò dúró wò yín, yóò sì yí ọkàn padà nígbà tí ẹ bá sún mọ́ ọn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo yá kẹ̀kẹ́ kan, n kò sì yẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Ní kọ́nà karùn-ún Sa Calobra ni mo gbọ́ tí irin ń ha irin: páàdì ẹ̀yìn ti jẹ tán. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin èyí tó kù wálẹ̀, nínú bàtà oníkẹ̀kẹ́ tó le nísàlẹ̀, tó ń dún kò-kò-kò. Láti ọjọ́ náà, n kì í kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù láìwo páàdì méjèèjì, táyà, àti ṣéènì.

Ẹ fi ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í gba afẹ́fẹ́ sínú àpò. Òógùn ìgòkè máa ń di òtútù nígbà ìsọ̀kalẹ̀.

Kí ni mo lè jẹ níbẹ̀?

Pa amb oli: búrẹ́dì tí wọ́n fi tòmátì ha, tí wọ́n da òróró ólífì sí. Ó ń gbéni dúró, kò sì wọ́n. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fetí sí èyí: ensaïmada, búrẹ́dì dídùn tó lọ́ po bí ìgbín tí gbogbo ènìyàn ń jẹ pẹ̀lú kọfí, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Inú orúkọ rẹ̀ ló wà, torí pé "saïm" ni wọ́n ń pe ọ̀rá náà. Sobrassada, sọ́séèjì ibẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ lòun náà. Èmi máa ń gbé kúlíkúlí àti dòdò gbígbẹ dání láti ilé. Àwọn ará Jámánì kan tọ́ ọ wò ní Lluc, wọ́n sì ní kí n ta á fún àwọn.

Òfin wo ni kí n ṣọ́ra fún?

Akoto jẹ́ dandan lẹ́yìn odi ìlú. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ohun èlò gbọ́ orin sétí. Ẹ lè rìn ní méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, ṣùgbọ́n níbi kọ́nà tí ojú kò ti ríran jìnnà, ẹ tò sí ẹyọ kan. Mọ́tò tó bá fẹ́ kọjá lára yín gbọ́dọ̀ fi mítà kan àti àbọ̀ sílẹ̀. Òfin ọtí tó de awakọ̀ de oníkẹ̀kẹ́ náà. Ọlọ́pàá lè ní kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní, London ni mo ń gbé. Ṣé mo nílò físà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé ìgbélùú Britain kò sọ yín di aláìnílò físà Schengen, èyí tí Spéìn ń lò. Ìwé ìbánigbófò ìrìn àjò tí yóò san ó kéré tán 30,000 yúrò wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá ó kan kẹ̀kẹ́ wíwà lórí òkè, nítorí pé àwọn kan máa ń yọ ọ́ kúrò. Ẹ tètè gba ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, oṣù mẹ́ta ṣáájú kò pọ̀ jù. Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà Britain lè lo 90 ọjọ́ nínú 180 láìgba físà.

Kí n gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ, àbí kí n yá a?

Ẹ yá a, bí ẹ kò bá ní lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ gbé pẹ́dà yín àti ìwọ̀n gíga ìjókòó yín dání, ìyẹn ló ń sọ kẹ̀kẹ́ àjèjì di tẹni. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì wà fún yíyá pẹ̀lú, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ìyàwó mi fi í gun Puig Major, ó ń dúró dè mí lókè, ó ti jẹ àkàrà òyìnbó tán.

Ṣé àwọn ará ibẹ̀ gba tiwa?

Àwọ̀ wa kò wọ́pọ̀ lórí àwọn òkè yẹn, ẹ ó rí i fúnra yín. Ṣùgbọ́n "¡Venga!" ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn, ìyẹn "Ó yá, tẹ̀síwájú!" Ohun tó ń bí wọn nínú ni ogún oníkẹ̀kẹ́ tó dí ọ̀nà tí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Tí mọ́tò bá tò sẹ́yìn yín, ẹ wá ibi tó fẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, ẹ juwọ́ sí wọn.

Mo gbọ́ pé eré kan wà tó ń jẹ́ Mallorca 312.

Ní ìparí oṣù kẹrin ni. 312 kìlómítà, ìgòkè tó tó bí 5,000 mítà, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà mọ́ mọ́tò fún un. Àwọn tó kúrú, 225 àti 167, wà. Ẹni tí kò bá tíì fi ara gbádùn 150 kìlómítà rí kó mú 167, òkè tó wà nínú rẹ̀ tó o.

Tí òjò bá ba ọjọ́ kan jẹ́ ńkọ́?

Ẹ má lọ sórí òkè. Òróró àti ekuru máa ń mú kí kọ́nà máa yọ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin onípákó tó ń lọ láti Palma sí Sóller láti 1912, tàbí kí ẹ rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní àárín erékùṣù lọ sí ìlú kékeré tó ń jẹ́ Petra, kí ẹ jókòó ní gbàgede rẹ̀. Tó bá bọ́ sí ọjọ́rú, ẹ kọjá sí Sineu, ọjà ń ná níbẹ̀.